Márùndínláàádọ́rin Ni, Kì Í Ṣe Mẹ́tàlélọ́gọ́ta

Àbúrò mi ní mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Èmi ní márùndínláàádọ́rin ni. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ogún bàbá wa kọ́, ọ̀rọ̀ dọ́là fàdákà kan ṣoṣo ni. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan tí a kì í pariwo mọ́ra wa lórí fóònù nítorí rẹ̀, òun ní Amẹ́ríkà, èmi nínú pálọ̀ mi ní Ìkọ̀lé. Bí ìyàwó mi bá ti gbọ́ tí mo ní, "Tẹ́tí kó o gbọ́, ìwọ ọmọ yìí," á ti gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, á ní kí n pe òun tí ogun bá parí.

Iṣẹ́ gíláàsì ojú ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ìdó. Mo ti ṣe gíláàsì fún ará Ìdó, fún ará Òsì, fún àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ti Ọ̀yẹ́ wá, débi pé bí mo bá rí ènìyàn lọ́jà, gíláàsì rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dá mọ̀ kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀.

Ọdún tí a sin bàbá wa ni àbúrò mi mú dọ́là fàdákà kan bọ̀ fún mi, ó ní kí n so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rọ dọ́là náà, nígbà tí àwọn baba ńlá wa níbí ṣì ń ka owó ẹyọ sínú àpò. Mo kàn ní kí n fi awò kékeré tí mo fi ń yẹ ara gíláàsì wò wò ó fìrí ni. Háà! Mo rí obìnrin kan tó kọjú sí apá òsì, ó dé fìlà, ewé àti ọkà wà lára fìlà náà, irun rẹ̀ wà nílẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, ìràwọ̀ yí i ká. Mo yí i padà, mo rí ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ apá méjèèjì, tó fi ẹsẹ̀ di ọfà mú. Oníbàárà tó jókòó níwájú mi wúkọ́, ó tún wúkọ́, n kò gbọ́. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kẹ̀! Láti ọjọ́ náà ni mo ti kó sí i.

Àwọn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ kì í kàn kó o bí ẹni ń kó àgbàdo. Wọ́n máa ń fún un ní máàkì, láti orí oókan títí dé àádọ́rin. Èyí tí ayé ti fọwọ́ pa títí tí ojú obìnrin náà fi di pẹlẹbẹ, ìsàlẹ̀ ló wà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí láti ilé tí wọ́n ti rọ ọ́, ìyẹn ti dé ọgọ́ta tàbí kó lé. Àádọ́rin ni ti èyí tí kò ní àléébù kankan, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òun ní dọ́là àtijọ́ yìí tó gba àádọ́rin, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Inú àpò ni wọ́n kó wọn sí láyé ìjọ́un, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé wọn kiri, kò sì sí èyí tí kò fara gbọgbẹ́.

Irun tó wà lókè etí obìnrin náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ibẹ̀ ló máa ń tètè jẹ. Lẹ́yìn náà, àyà idì. Lẹ́yìn náà, màá gbé e sínú oòrùn àárọ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, màá fi ìka di etí rẹ̀ mú, màá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó tí ọwọ́ kò tíì bà jẹ́, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré yí ojú rẹ̀ ká. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kígbe pe ìyàwó mi láti ilé ìdáná. A kì í fi ìka kan ojú dọ́là yìí. Òfin tó sì ga ju gbogbo òfin lọ ni pé a kì í fọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, àwọn adájọ́ owó tó wà lókè òkun kì í tilẹ̀ fún un ní máàkì mọ́, wọ́n á kàn kọ ọ́ sí i lára pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó parí nìyẹn.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi. Ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé gíláàsì ni mò ń ṣe, pé bí èmi bá jẹ́ olùkọ́ ni, gbogbo ọmọ Ìkọ̀lé ni ì bá máa tún kíláàsì kan náà kà títí wọn yóò fi hu irùngbọ̀n. Ó ní bí áńgẹ́lì bá bọ́ sílẹ̀ láti ọ̀run, màá yọ máàkì nínú ìyẹ́ apá rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo háwọ́ sí máàkì, ó sì dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ti fún dọ́là tí mo fẹ́ràn bí ojú ní ogójì, n kò sì bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì rí o. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Èkó ta ọ̀kan fún mi, ó ní ìyá àgbà òun ló fi sílẹ̀ fún òun. Mo gbé e délé, mo ní kí n fi òòfà dán an wò, nítorí òòfà kì í gbé fàdákà. Kí n tó sún òòfà náà mọ́ ọn, dọ́là ti fò mọ́ ọn gbàù! Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gba òòfà àti dọ́là náà lọ́wọ́ mi, ó fi wọ́n há kàlẹ́ńdà ìjọ mọ́ ara fíríìjì, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ ni dọ́là aláwọ̀ aró. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti rà á, ilé àbúrò mi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Kò sẹ́ni tó ná an rí. Ó ti pẹ́ nínú àpò aṣọ kan níbi tí atẹ́gùn ti ń bá fàdákà ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ sì ti yọ lára rẹ̀ fúnra rẹ̀: ó pọ́n bí oyin létí, ó di elésè àlùkò bí ó ṣe ń wọlé, ó wá di aró lẹ́rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ẹni tí kò bá mọ̀, á ní ó ti dọ̀tí. Ẹni tó mọ̀ á dákẹ́ nígbà tó bá rí i. Ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún.

Kí dọ́là tó dé ọwọ́ mi, àbúrò mi ti wò ó, ó sì ti pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́tàlélọ́gọ́ta li mo fún un."

Mo ní kó má fi ọwọ́ pa ọmọ mi lójú. Nígbà tí ará ìjọ wa kan bá mi gbé e bọ̀, mo jókòó tì í lójú fèrèsé láti àárọ̀ títí tí oúnjẹ mi fi tutù. Ọgbẹ́ kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀! Márùndínláàádọ́rin. Bí èmi tí mo háwọ́ bá fún nǹkan ní márùndínláàádọ́rin, ó yẹ kí ayé gbà. Ẹ tún wo bí àwa méjèèjì ṣe rí: òun dúró lórí ọgọ́ta, ó ń fi mẹ́ta lé e bí ẹni ń fi ọbẹ̀ tọrẹ, èmi dúró lórí àádọ́rin, mo ń yọ márùn-ún kúrò pẹ̀lú ìrora.

Ohun tó wá dùn mí ni èyí tó sọ lọ́jọ́ kan: "Ẹ̀gbọ́n, ulé lẹ wà o. Irú rẹ̀ mélòó lẹ ti rí rí?"

Mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, éè lè lákìísà bí àgbà. Ojú li mo fi ń jẹun." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú mi. A wá fẹnu kò pé nígbà tó bá wálé, òun yóò gbé dọ́là náà padà lọ fún àwọn adájọ́ owó, kí wọ́n fún un ní máàkì, kí wọ́n sì dé e mọ́ inú ike wọn. Mo fẹ́ márùndínláàádọ́rin yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N kò fẹ́ tà á. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lọ́hùn-ún pé ojú kan wà ní Ìkọ̀lé tó ríran.

Ọdún náà gan-an ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi ní Ìdó. Ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá ń gbé. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìríran rẹ̀ sì ti dín kù títí tí kò fi lè dá ìyàtọ̀ mọ̀ láàárín ilẹ̀kùn àti ògiri. A kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ó bá gbé abọ́, a ó gbà á. Bí ó bá fẹ́ bó iṣu, ìyàwó mi á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, á ní, "Ẹ sinmi, Ìyá." Ire ni gbogbo wa rò pé a ń ṣe.

Èmi fúnra mi ni mo ṣe gíláàsì tó lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí mo fi wọ̀ ọ́, ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ùwọ li o hu urun funfun báyìí?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó wá gbójú sókè, ó wo òkè àjà, ó wo fèrèsé, ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò ìyàwó mi. "Yéè! Ulé in li ó dọ̀tí báyìí? Udọ̀tí yí li ẹ gbé mi sí?" Láti ọjọ́ kejì ni kò ti sí àlàáfíà fún ìdọ̀tí nílé wa. Ó fọ ìkòkò, ó fọ féènì, ó fọ bàtà mi tí mo fi ń lọ sóko. Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ gbogbo ohun tó bá jẹ́ irin, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Odo-Oro níbi tí wọ́n ti bí i. Ó ń kọrin bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo máa ń fi nǹkan tó dọ̀tí sọ́nà fún un.

Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn àti ìyàwó rẹ̀ bí obìnrin. Wọ́n ní ilé ni àwọn ti fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ, kí Ìyá lè wà níbẹ̀. Àbúrò mi náà wọ ọkọ̀ òfuurufú wá. Ìgbà tí ìkómọ ku ọ̀la, kò tíì fọ eruku ọ̀nà kúrò lójú tí a ti jókòó sídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, dọ́là aláwọ̀ aró wà láàárín wa lórí ìwé funfun rẹ̀.

"Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó!"

"Mo ti wò ó kí o tó mọ dọ́là. Yí i sí oòrùn."

Ibẹ̀ ni Ìyá ti wọlé. Ó ní owó funfun ni òun ń wá. Níbi tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ á kọ́kọ́ sọ owó sínú abọ́ omi tó wà níwájú ọmọ náà, á wá pe orúkọ. Owó náà ti di ti ọmọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń gbà á padà. Ṣílè fàdákà ni wọ́n ń sọ sí i nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé. Ní báyìí, náírà oníbébà ni gbogbo ènìyàn ń jù sómi, inú Ìyá kì í sì í dùn sí i.

"Bébà á máa léfòó bí ewé," ó ní. "Éè wọ ìsàlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi li ó bí ọmọ, n é fi bébà sọ ọ́ lórúkọ. Ùwọ tí o ń kó fàdákà jọ, fún mi li ọ̀kan."

N kò tilẹ̀ gbé orí sókè kúrò nídìí awò. "Yèyé, ẹ mú èyí tó bá wù ín," mo ní. Agolo mílíìkì tó wà lójú fèrèsé ni mo ní lọ́kàn, níbi tí mo kó àwọn tó ti jẹ pátápátá sí. A dìde lọ jẹun, a fi dọ́là aláwọ̀ aró sílẹ̀ lórí ìwé rẹ̀. Ẹ̀yin náà ti mọ èyí tó wù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ẹbí ti kún àgbàlá, wọ́n ti wá láti Ìrè àti Òsì. Pásítọ̀ gbàdúrà, abọ́ omi wà lórí tábìlì, ìyàwó ọmọ mi gbé ọmọ dání. Wọ́n ní Ìyá ni yóò kọ́kọ́ pe orúkọ, nítorí òun ni àgbà ilé. Ìyá dìde nínú aṣọ òkè rẹ̀, ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó di ọwọ́ pọ̀. Ó dé ìdí abọ́, ó la ọwọ́.

Dọ́là náà funfun gbòò. Ó ń tàn bí àwo tuntun. Kò sí oyin, kò sí elésè àlùkò, kò sí aró kankan mọ́.

"Yèyé!" Àbúrò mi ni ó kígbe. "Ẹ ti fọ̀ ọ́! Ẹ ti bà á jẹ́!"

Ọwọ́ Ìyá dúró lókè omi. Ó wo àbúrò mi, ó wò mí.

"Mo bà á jẹ́?" ó ní. "Ó dọ̀tí ni. A é í fi owó tó dọ̀tí sọ ọmọ lórúkọ. Eérú li mo fi fọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí: ó na dọ́là náà sí mi, jẹ́jẹ́, bí ó ṣe máa ń na abọ́ àti ọ̀bẹ sí wa nígbà tí kò ríran.

"Gbà, ọmọ mi. Kí ẹlòmíràn sọ ọ́ lórúkọ. Uṣẹ́ mi li ó pọ̀ jù."

Mo gbà á. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo yọ awò kékeré nínú àpò mi, mo gbé dọ́là náà sínú oòrùn, mo sì wò ó bí mo ṣe máa ń wò ó, irun lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà àyà idì. Eérú ti fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ojú obìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, bí ọwọ́ ìyá mi ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú rẹ̀ ti kú. Ó dùn mí. N kò ní tàn yín, ó dùn mí wọ eegun. Márùndínláàádọ́rin ti lọ, mẹ́tàlélọ́gọ́ta pàápàá ti lọ, kò sì sí adájọ́ kankan láyé yìí tí yóò sọ fún wa mọ́ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà láàárín èmi àti àbúrò mi.

Mo gbé orí sókè. Ìyá ń wò mí nínú gíláàsì tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ó ń dúró.

"Àádọ́rin," mo ní.

Ìyàwó mi fi etí gèlè bo ẹnu. Òun nìkan àti àbúrò mi ló mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Mo na awò àti dọ́là sí àbúrò mi. Ó gbà á. Ó wò ó títí, ó yí i, ó tún yí i, ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àwọn ẹbí ń wo ara wọn. Ó wò mí lójú, mo rí i pé omi ti dé etí ojú tirẹ̀ náà.

"Yèyé, ẹ má bínú," ó ní. "N é tètè rí i dáadáa. Àádọ́rin li. N é rí ohun tí mo lè yọ."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé dọ́là náà padà fún Ìyá, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe ń gbé e fún un, òun ọmọ Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ìyá wò ó, ó wò mí, ó tún wo dọ́là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀, títí tí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Ẹ̀yin méjì yí," ó ní, "láti ugbà tí mo ti bí in, ẹ éè mọ urọ́ pa." Ó tẹ̀ síwájú, ó jẹ́ kí dọ́là bọ́ sínú omi, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe orúkọ ọmọ náà. Kí pásítọ̀ tó lanu, èmi àti àbúrò mi ti ké "Àṣẹ!" lẹ́ẹ̀kan náà.